Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Tó Ń Gba Ẹ̀mí Ráídà: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Dísípáàṣì Ìlú Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin ọ̀gá tó ni máṣíìnì, ẹ̀yin ìyá àti àbúrò wa tó ń tajà lórí fóònù tí ẹ ń fi ọjà rán àwọn ọmọ wọ̀nyí, àti ẹ̀yin ráídà gan-an tí ẹ ń fi alùpùpù pín ọjà, tí ẹ to máṣíìnì síta lọ rẹrẹ bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ kú àárọ̀. Ẹ kú owó òní tí ẹ fi sílẹ̀ kí ẹ tó lè jókòó síbí. Mo mọ̀ pé wákàtí kan lọ́wọ́ ráídà, owó oúnjẹ ni. N kò ní fi í ṣòfò.

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Kí ló ń pa ráídà? Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Àwọn kan á ní tírélà ni. Àwọn kan á ní kòtò ojú títì ni. Àwọn kan á ní awakọ̀ takisí tó ń já bírékì lójijì nítorí èrò kan ṣoṣo ni. Òótọ́ wà nínú gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣe ìṣirò kékeré kan ná.

Ká ní ẹ gbé ọjà ní Kútọ̀, oníbàárà sì wà ní ibi tó tó kìlómítà 6 sí yín. Bí ẹ bá sá eré kìlómítà 40 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 9 lẹ máa fi débẹ̀. Bí ẹ bá sá 60, ìṣẹ́jú 6. Ìṣẹ́jú 3 lèrè. Ìṣẹ́jú 3 péré! Ìyẹn náà, àfi bí ọ̀nà bá ṣófo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò sí kẹ̀kẹ́ Màrúwá, tí kò sí kòròpé tó ń já èrò, tí kò sí ẹnikẹ́ni tó ń sọdá. Ta ló ti rí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rí l'Ábẹ́òkúta lọ́sàn-án? Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Pánṣẹ́kẹ́, ẹni tó sá 60 dé ibẹ̀ àti ẹni tó sá 40, ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n ti ń bára wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí a fi ń ra ìṣẹ́jú 3 yẹn.

Iye tí eré ń jẹ

Bí ojú bá rí ewu, ọwọ́ kì í tẹ bírékì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ojú á rí i, ọpọlọ á gbà á, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó mọ̀. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn fún ẹni tí ara rẹ̀ yá, tí kò sùn mọ́ ojú ọ̀nà. Nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan yẹn, ẹni tó ń sá 40 ti rìn mítà 11. Ẹni tó ń sá 60 ti rìn tó mítà 17. Bírékì kò tíì di nǹkan kan mú o.

Bírékì wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, bí bírékì bá dára, ẹni tó ń sá 40 á tún lo bíi mítà 10 kó tó dúró. Ẹni tó ń sá 60 á lo bíi 23. Ẹ rò ó pọ̀: mítà 21 fún ti àkọ́kọ́, mítà 40 fún ti ìkejì. Eré kò pọ̀ ju ìdajì lọ tí a fi lé e, ilẹ̀ tó jẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Bí òjò bá rọ̀, ti ẹni tó ń sá 60 lè lé ní mítà 50.

Ẹ fojú inú wo ọmọ ilé-ìwé kan tó bọ́ sójú títì ní mítà 25 síwájú ráídà méjì tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tó ń sá 40 á ti dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkì, á bú ọmọ náà, kálukú á lọ ilé ẹ̀. Ẹni tó ń sá 60 tẹ bírékì lásìkò kan náà, pẹ̀lú bírékì kan náà. Nígbà tó bá dé ibi tí ọmọ náà wà, eré tó ṣì wà lára máṣíìnì rẹ̀ á tó bíi 48. Fífò tàbí yíyà ló kù fún un, ó sì lè jẹ́ iwájú kòròpé ni yóò yà sí.

Ìṣẹ́jú 3 yẹn náà nìyẹn.

Ìlú tó wà lábẹ́ òkúta

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ ìlú wa fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tó kọ́ máṣíìnì gígùn ní ilẹ̀ títẹ́jú, tó wá ń ṣe dísípáàṣì níbí, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830, ààbò ni wọ́n ń wá. Òkúta ló fún wọn ní ààbò náà. Ọ̀nà tó bọ́ sáàárín òkúta sì ni a jogún: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kọ́rọ̀, ibi tí a kò ti lè rí iwájú. Láti Aké sọ̀kalẹ̀ sí Ìtòkú, agbègbè Sàpọ́n, ẹ̀yin náà mọ gbogbo rẹ̀ jù mí lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ráídà ń ṣe ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni pé wọ́n á fi gíà sí fíríì kí máṣíìnì lè máa yí lọ fúnra rẹ̀, kí epo má baà tán. Mo mọ̀ pé epo ti wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìlù bírékì. Bí kò bá sí gíà tó ń di táyà ẹ̀yìn mú, bírékì nìkan ló ń gbé gbogbo ìwúwo: máṣíìnì, ẹ̀yin, àpótí ẹrù. Bírékì ṣúù á máa ha ara ìlù láì sinmi, á gbóná. Bó bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, kò ní di mọ́ mọ́. Ẹ máa kíyè sí i pé ẹ ń tẹ lífà, ó ń sún mọ́ ọwọ́ yín síi, síbẹ̀ eré kò dín. Ọ̀pọ̀ á ní bírékì já. Bírékì kò já, ó gbóná ni. Ìsàlẹ̀ òkè ló sì máa ń dé bá wọn, níbi tí títì ti kún jù.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Kí ẹ tó bọ́ sí gẹ̀rẹ́, ẹ ti yí gíà padà sí 2, ẹ dẹwọ́ lórí iná, ẹ jẹ́ kí éńjìnnì fúnra rẹ̀ máa fà á padà. Ẹ gbá bírékì iwájú àti ti ẹ̀yìn mú pọ̀, ẹ tẹ ẹ díẹ̀, ẹ sì fi sílẹ̀ kó fẹ́ atẹ́gùn, ẹ tún tẹ ẹ. Àwọn kan ń bẹ̀rù bírékì iwájú pé ó ń gbé èèyàn ṣubú. Ẹni tó bá já a mọ́ ọn lójijì, tàbí tó tẹ̀ ẹ́ nígbà tí máṣíìnì ti dẹ̀gbẹ́, òun ló ń ṣubú. Bí máṣíìnì bá dúró ṣánṣán, bírékì iwájú ló ní agbára jù, nítorí ìwúwo ń fò síwájú bí a bá ń dúró. Ẹni tó ń fi ti ẹ̀yìn nìkan dúró, ó fi èyí tó pọ̀ jù nínú agbára bírékì rẹ̀ sílẹ̀ ni.

Gígun òkè náà ní ewu tirẹ̀. Àpótí ẹrù wà lẹ́yìn, ó sì ga. Bí ẹ bá kó àpò ìrẹsì sí i, tí ẹ sì tún wá gùnkè, ìwúwo á sún kọjá táyà ẹ̀yìn, táyà iwájú á máa fúyẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ tẹ iná lójijì níbẹ̀, ọwọ́ máṣíìnì á gbéra. Ẹ jẹ́ kí ohun tó wúwo jù wà nísàlẹ̀ àpótí, kó sì sún mọ́ ìjókòó. Ohun fífúyẹ́, àdìrẹ, aṣọ, bàtà, ni ká gbé sókè. Ìwé tó bá máṣíìnì wá sọ iye ìwúwo tó lè rù, ara tiyín wà nínú iye náà. Ọ̀pọ̀ kì í ka ara tirẹ̀ mọ́ ọn.

Òjò wá ńkọ́? Òjò àkọ́rọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù jù, kì í ṣe òjò ńlá oṣù Keje. Láti inú ọyẹ́ wá, epo dísù, éńjìnnì ọ́ílì àti eruku ti ń rọ sórí ọ̀dà. Òjò tó kọ́kọ́ kán kò fọ̀ ọ́, ńṣe ló pò ó pọ̀ bí ọṣẹ. Bí ẹ bá lè dúró sábẹ́ òrùlé fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kó wẹ̀ ẹ́ nù, ẹ dúró. Bí òjò bá dá, ẹ wo ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́: yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí àgbàrá kó láti òkè wá máa ń tẹ́ síbẹ̀ bí ẹní. Ẹ rí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti gbẹ, kò hàn dáadáa, àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti títì. Kí ẹ tó débẹ̀ ni kí ẹ tẹ bírékì. Bí táyà bá ti gun orí yanrìn, ẹ má tẹ ti iwájú, ẹ má dẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ kó gba àárín rẹ̀ kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Omi tó dúró sójú kan, kòtò ni títí tí ẹ ó fi rí ìdí rẹ̀.

Àwọn tí a jọ ń lo ọ̀nà

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí ọ̀rọ̀ tírélà, pàápàá ní ọ̀nà Láfẹ́nwá sí Ìta Òṣìn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Awakọ̀ tírélà wà lókè, iwájú rẹ̀ ga, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gùn. Bí ẹ kò bá rí ojú awakọ̀ nínú dígí rẹ̀, òun náà kò rí yín. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ló burú jù, ibẹ̀ ló sì máa ń wu ráídà gbà, nítorí àyè díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù láàárín òun àti gọ́tà. Bí tírélà bá fẹ́ yà sí ọ̀tún, ó lè kọ́kọ́ gbé iwájú sí òsì kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè rí àyè. Ráídà á rò pé ó ń fún òun lọ́nà. Kò fún yín lọ́nà! Ó ń bọ̀ wá pa àyè náà dé ni, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ á sì gba ibi tí iwájú kò gbà. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ní ibi tí ẹ ti ń rí dígí rẹ̀. Ìṣẹ́jú 3 náà lẹ máa pàdánù.

Takisí àti kòròpé, táyà iwájú wọn ni kí ẹ máa wò, ẹ má gbọ́kàn lé iná tí wọ́n ń tàn láti fi yà. Táyà kì í purọ́. Bó bá ti ń tẹ̀ sí ọ̀tún, ó ń já èrò nìyẹn. Bó bá sì ti dúró, ẹ fi mítà kan sílẹ̀ láàárín yín àti ilẹ̀kùn rẹ̀. Èrò kì í wẹ̀yìn kó tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tó ṣí lójijì máa ń gba èèyàn ní orúnkún tàbí ní ìka ọwọ́ tó di bírékì mú, máṣíìnì á sì yí sójú ọ̀nà níwájú ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba wan-wéè. Bí ẹ bá ń sá 40, tí ẹni tó ń bọ̀ náà ń sá 40, bí 80 ni ẹ ṣe ń sún mọ́ra. Ẹni tó fẹ́ jáde láti àdúgbò kò ní wo apá ibi tí ẹ ti ń bọ̀ rárá, nítorí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ti ibẹ̀ bọ̀.

Fóònù ńkọ́? Ẹ̀yin ìyá àti àbúrò tó ń tajà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ráídà lọ. “Níbo lo wà? O ti dé ibo?” Ẹ pè lẹ́ẹ̀kan, ẹ pè lẹ́ẹ̀kejì, ẹ pè lẹ́ẹ̀kẹta. Ráídà tó fi ìṣẹ́jú-àáyá 3 wojú fóònù lórí eré 40, mítà 33 ló rìn láìríran. Ẹ kọ àpèjúwe ilé ránṣẹ́ kó tó gbéra: mọ́ṣáláṣí tó wà níwájú rẹ̀, àwọ̀ géètì, nọ́ḿbà ẹni tó máa gbà á. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀yin ráídà, ẹ jẹ́ kó máa dún. Ẹ wá ibi títẹ́jú, ẹ dúró, ẹ pa éńjìnnì, ẹ pè é padà.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Ìṣẹ́jú 5 láàárọ̀, kí máṣíìnì tó gbóná. Táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ má fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, géèjì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Fún irú Bajaj Boxer tí ọ̀pọ̀ yín ń gùn, nǹkan bí 25 PSI lórí géèjì ni ti iwájú, 28 ni ti ẹ̀yìn bí ẹ kò bá ru nǹkan, 32 bí àpótí bá kún. Táyà tó rọ̀ á máa gbóná, á sì máa mì ní kọ́rọ̀. Táyà tó le jù á máa ta pọ́n-ún ní gbogbo kòtò, bírékì kò ní rí ilẹ̀ dì mú.

Ṣéènì: ẹ fi ìka gbé e sókè-sódò láàárín, kó lè sún bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè fò kúrò lójú eyín rẹ̀, kó sì há mọ́ táyà ẹ̀yìn lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ bírékì ṣúù, ọ̀pọ̀ máṣíìnì ní àmì ọfà kékeré lára apá tó ń yí bírékì. Ẹ tẹ bírékì, kí ẹnìkan wo ọfà náà. Bó bá ti kọjá ìlà tí wọ́n fín sára ìdérí ìlù, ṣúù ti tán, kò sí bí mẹ́káníìkì ṣe fà á le tó máa ṣiṣẹ́. Fífà á le ni a sì máa ń bẹ̀ wọ́n.

Àpótí ẹrù, bóòtì rẹ̀ ni kí ẹ wò lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀. Bóòtì 4, wáṣà fífẹ̀ lábẹ́, nọ́tì méjì lórí ara wọn kó má baà tú. Bó bá ń ta kẹ̀kẹ̀kẹ̀ tí ẹ bá bọ́ sí kòtò, ó ti ń tú nìyẹn.

Mo wá dé orí hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Àkójọ ìwádìí láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè fi hàn pé ó ń dín ewu ikú ẹni tó gbókìtì lórí alùpùpù kù ní bíi 42 nínú 100, ó sì ń dín ọgbẹ́ orí kù ní bíi 69 nínú 100. Ṣùgbọ́n orí ló gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe ìgbọ̀nwọ́, kì í sì ṣe orí táǹkì. Ẹ di okùn rẹ̀: bí ìka méjì bá kọjá láàárín okùn àti àgbọ̀n, ó tó, bí mẹ́rin bá kọjá, á fò kúrò kí ẹ tó dé ilẹ̀. Èyí tó bá ti bá yín ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Fóòmù inú rẹ̀ ló tẹ̀ láti gba orí yín là, kì í sì í wú padà, bí ìta rẹ̀ tiẹ̀ ń dán. Ti àwọn kọ́lékọ́lé kì í ṣe hẹ́límẹ́ẹ̀tì máṣíìnì.

Paraga, tramadol, àìsùn, mo kàn máa mẹ́nu bà wọ́n kọjá ni. Ìṣẹ́jú-àáyá kan tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn yìí ló ń sọ ọ́ di méjì. Tramadol tilẹ̀ lè fa gìrì, àní lórí máṣíìnì.

Ẹ̀yin ọ̀gá

Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́ láìfi bò. Bí ẹ bá ń gé owó ráídà torí pé ó pẹ́ ní ìṣẹ́jú 10, ẹ̀yin lẹ ń tẹ iná mọ́ ọn láti inú ọ́fíìsì. Bí ẹ bá kọ “ìṣẹ́jú 30 a ti dé” sára àpótí, ẹ ti tà á fún oníbàárà kí ẹ tó bi ọ̀nà léèrè. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú àkókò tí ẹ ń ṣèlérí. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà fúnra yín, ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà máa tọrọ àforíjì lórí máṣíìnì.

Ìbánigbófò ẹnikẹta (third party) tí ẹ ra fún máṣíìnì, ẹni tí ráídà bá kọlù ló wà fún. Kò san kọ́bọ̀ lórí ẹsẹ̀ ráídà tó kán. Òfin ìsanpadà fún òṣìṣẹ́ ti 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìsanpadà náà, kí ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí ìtọ́jú àti owó gbà. Ẹ̀yin ráídà, ẹ béèrè bóyá orúkọ yín wà níbẹ̀. Kì í ṣe àrífín láti béèrè.

Bó bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Èyí ló gbẹ̀yìn, mo sì fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ ọ. Bí ráídà bá ṣubú, ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó gbé e, a ó fi há àárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà, orí rẹ̀ á máa mì síwá-sẹ́yìn títí dé ọsibítù. Bí egungun ọrùn bá ti sán, ìrìn yẹn lè sọ ọ́ di arọ. Ẹ má gbé e bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ kọ́kọ́ dá ọkọ̀ dúró lókèèrè. Ẹ pe 122, nọ́ḿbà FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tàbí 112, nọ́ḿbà pàjáwìrì. Bó bá ń mí dáadáa, ẹ má bọ́ hẹ́límẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ kàn gbé dígí ojú rẹ̀ sókè. Kí ẹnìkan di orí rẹ̀ mú kó má yí. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń tú, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi, ẹ má sì ṣí i wò. Ẹ má fún un lómi, nítorí ó lè gba ibi tí kò yẹ lọ, wọ́n sì lè ní láti fi oògùn kun ún lóorun fún iṣẹ́ abẹ. Bí kò bá sí ọkọ̀ aláìsàn, ẹ wá ọkọ̀ tó lè gbà á ní gbọọrọ, ẹ gbé e tọ̀nàtọ̀nà lọ sí FMC, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Aba, tàbí ọsibítù ìjọba ní Ìjayè. Òfin ìlera 2014 kò fún ọsibítù kankan láyè láti kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, bí owó kò tiẹ̀ sí lọ́wọ́.

Kí ráídà kọ̀ọ̀kan kọ ìwé pélébé kan sẹ́yìn káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀: orúkọ, irú ẹ̀jẹ̀, nọ́ḿbà ẹni méjì tó máa gbé ìpè. Fóònù lè fọ́, tàbí kó wà ní títì pa. Ìwé kì í kú bátìrì.

Mẹ́káníìkì méjì ń dúró dè yín lábẹ́ igi níta, pẹ̀lú géèjì, sípánà àti ọ́ílì ṣéènì. Wọ́n ti múra láti wo máṣíìnì kọ̀ọ̀kan kó tó kúrò níbí. Ẹ̀yin tó wà ní ìlà iwájú, ẹ kọ́kọ́ dìde. Ẹ mú hẹ́límẹ́ẹ̀tì yín dání, nítorí wọ́n fẹ́ wo okùn rẹ̀ náà.